Kí ni ráútà mi ń wí? Ìbéèrè àwọn ará Òṣogbo lórí nọ́ńbà ojú ewé ráútà

Iṣẹ́ fóònù àti ráútà ni mò ń ṣe nítòsí Ọláìyá. Gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń bá wọlé: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni ráútà wí, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Bẹ́ẹ̀ ráútà ń wí. Ó ní ojú ewé kan tó ń kọ bí ara ṣe ń ṣe é sí, nọ́ńbà ló sì fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá lè kà á á mọ̀ bóyá inú ilé ni wàhálà wà, bóyá àárín ilé àti máàsì (òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni, tàbí ó ti kọjá máàsì lọ. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí lórí ẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Ráútà onísíìmù tó ń lo 4G ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù.

Níbo ni mo ti máa rí àwọn nọ́ńbà náà?

Ẹ dojú ráútà délẹ̀. Ẹ máa rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ti òmíràn parí sí 0.1, ti òmíràn 1.1, ti òmíràn 8.1. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi ráútà náà, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì yẹn sókè pátápátá nínú Chrome, níbi tí à ń kọ www sí. Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ máa fi wọlé wà lórí ìwé kan náà, àfi tí ẹnì kan bá ti yí i padà. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Status, Device Information tàbí Network sí.

Kò nílò dátà. Kódà bí dátà bá ti tán pátápátá, ojú ewé yẹn á ṣí, torí inú ráútà fúnra ẹ̀ ló wà. Tí ó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ pa dátà orí fóònù yín ná. Fóònù òmíràn, bó bá ti rí i pé Wi-Fi ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á sá lọ sórí síìmù tirẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báà mẹ́rin ló gbé, kí ló dé tí fídíò ò lè ṣí?

Báà, àwọn igi kéékèèké tó ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, ò ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó ṣe ráútà ló yàn pé báyìí ni báà mẹ́ta, báyìí ni mẹ́rin. Tí ẹ bá sì wò ó dáadáa, agbára nìkan ni báà ń sọ, kì í sọ bóyá ohun tó ń wọlé mọ́ tàbí kò mọ́. Ẹ gbàgbé báà. Ẹ wo RSRP àti SINR.

Kí ni RSRP, kí ló dé tí àmì àyọkúrò wà níwájú ẹ̀?

RSRP ni agbára ohun tó ń ti ara máàsì wọ inú ráútà yín. Ẹ kà á bí gbèsè: ẹni tó jẹ 85 náírà sàn ju ẹni tó jẹ 105 náírà lọ. Nítorí náà -85 lágbára ju -105.

Ibi tí gbèsè àti RSRP ti yàtọ̀ ni pé ìṣísẹ̀ RSRP tóbi ju bó ṣe rí lójú lọ. Tó bá fi 3 péré wálẹ̀, ìdajì agbára ti lọ. Tó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Láti -85 sí -105, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè sún ráútà láti orí tábìlì lọ sí ojú fèrèsé, tí gbogbo ilé á sì mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Bí mo ṣe máa ń kà á: -80 tàbí èyí tó sàn jù ú, ó dára gan-an. Láàárín -80 sí -90, ó dára. Láàárín -90 sí -100, à ń rọ́gbọ́n dá a. Tó bá ti kọjá -100 lọ sísàlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní -120, ẹ lè pa á kí ẹ lọ sùn.

SINR ńkọ́?

Èmi ò lè sọ̀rọ̀ ráútà kí n má pẹ́ lórí SINR, torí òun ni kò sẹ́ni tó ń wò ó, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ọjà kún. Oníṣòwò kan ń bá yín sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ lọ sókè dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń polówó oògùn gbé gbohùngbohùn sẹ́nu lápá ọ̀tún, ẹni tó ń ta káàdì ń ké lápá òsì, ọ̀kadà ń fun fèrè lẹ́yìn yín. Ohùn oníṣòwò yẹn ni RSRP. Bí ohùn ẹ̀ ṣe borí ariwo tó kù ni SINR. Ó lè máa pariwo kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bá a lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kó máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ máa gbọ́ gbogbo ẹ̀.

SINR tó lé ní 20, ó dára gan-an. Láti 13 sí 20 dára. Láti 0 sí 13, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ 0 ló ṣe ń burú sí i. Tó bá ti wọ àyọkúrò, ariwo ti borí ohùn nìyẹn.

Alhaja kan ní Ayétòrò pè mí wá ilé. Wọ́n ti ra eriali ńlá, wọ́n ti rì í mọ́ òkè ilé, owó gidi ló sì ti bá a lọ. Báà kún fọ́fọ́. RSRP -78. Mo ní kí ni wàhálà wá jẹ́. Mo wo ìlà tó tẹ̀ lé e: SINR -1. Eriali yẹn ń gba máàsì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú ilé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjèèjì ń lo ìgbì kan náà, wọ́n sì ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká yọ eriali yìí, ká gbé ráútà lọ sí yàrá ẹ̀yìn."

"Yàrá ẹ̀yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé? Ṣé ẹ ò ṣàwàdà báyìí?"

"Ẹ jẹ́ ká kàn dán an wò, mà."

A gbé e lọ. RSRP já sí -88, báà kan lọ. Alhaja mi orí. Ṣùgbọ́n ògiri ilé ti dí máàsì ẹ̀gbẹ́ yẹn lójú, SINR sì gòkè dé 14. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe kíláàsì lórí Zoom ló kọ́kọ́ ké látinú yàrá pé, "Mọ́mì, ó ti ṣí o!" Eriali náà ṣì wà nílé wọn, lẹ́yìn fíríìjì. Wọ́n ní àwọn ò lè jù ú nù.

RSRQ náà tún wà níbẹ̀. Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ohun kan: ó máa ń jẹ́ ká fura pé èrò ti pọ̀ jù lórí máàsì. Láti -10 sókè, kò burú. Tó bá ti ń lọ sí -15 sísàlẹ̀, wàhálà ti dé. Ní -20, ẹ ò ní í rí nǹkan ṣe.

Àárọ̀ kùtù ó ń sáré, tó bá di alẹ́ ó ń rákò. Ṣé ráútà mi ló ti ń bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ráútà rárá. Ẹ kọ RSRP àti SINR sílẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí RSRP bá dúró sójú kan, tí eré ìsopọ̀ sì já láti 20 Mbps sí 2, èrò ló pọ̀. Máàsì dà bí kànga tí gbogbo àdúgbò ń fa omi níbẹ̀. Okùn yín ò já, garawa yín ò lu, ìlà ló gùn.

Ẹni tó bá ti gbé fóònù lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun lọ́jọ́ àjọ̀dún nínú oṣù kẹjọ mọ ohun tí mò ń sọ. Báà kún, WhatsApp ò lọ. Kò sí ráútà tuntun tó lè wo irú àìsàn yẹn sàn. Ohun tó lè ṣèrànwọ́ ni kí ẹ fi gbígba fáìlì ńlá sí òru, tàbí kí ẹ dán síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn wò ní wákàtí tó burú yẹn gan-an. Ẹ má dán an wò lọ́sàn-án kí ẹ wá fi ṣèpinnu.

Níbo ló yẹ kí ráútà wà nínú ilé?

Nílé mi ní Òkè-Baálẹ̀, abẹ́ tẹlifíṣàn nínú pálọ̀ ni mo gbé e sí fún nǹkan bí ọdún kan, èmi tí mò ń ti ibẹ̀ lọ ṣe ráútà olóráútà. RSRP -109, SINR 1. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wá ẹ̀kísítẹ́ńṣàn gígùn, mo so ráútà mọ́ ọn, mo sì gbé e lé ọwọ́ bí ọmọ tuntun, mò ń fi í wo gbogbo ilé. Ọmọ mi jókòó sórí àga, fóònù lọ́wọ́, ó ń ké nọ́ńbà sí mi. Fèrèsé iwájú: -104. Inú mi dùn díẹ̀. Ọ̀nà àbáwọlé: -106. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ní ẹ̀yìn ilé ìdáná: "Dádì, ó di -95!" SINR 12. Mo fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sún un lọ sí apá òsì, níwájú irin ojú fèrèsé, ó já sí -103.

Ó yà mí lẹ́nu, torí máàsì kan wà tí mò ń rí láti fèrèsé iwájú, mo sì ti gbà pé òun ló ń fún mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àṣé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni. Ẹ̀yìn òkè ni tèmi wà.

Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ ni pé kí ẹ má fi ojú wá a, nọ́ńbà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan, torí nọ́ńbà máa ń pẹ́ kó tó yí. Ẹ jìnnà sí páànù, irin fèrèsé, dígí ńlá, ẹ̀yìn fíríìjì àti ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi. Irin ń dá ìgbì padà, omi ń gbé e mì. Ilé alámọ̀ tí ògiri ẹ̀ nípọn, bí irú èyí tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó dáa kí ráútà wà lójú fèrèsé gan-an. Kí oorun má sì pa á.

Kí ni Band àti Cell ID?

Cell ID ni orúkọ apá máàsì tí ẹ so mọ́. Tí ẹ bá rí i pé ó ń yí padà lemọ́lemọ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń já, ráútà yín wà láàárín méjì, kò mọ èyí tó máa di mú. Ẹ yí ojú ẹ̀ tàbí ibi tó wà padà títí tí yóò fi dúró sórí ọ̀kan.

Band ni ìgbì tó ń lò. Band 3 jẹ́ 1800 MHz, Band 7 jẹ́ 2600 MHz, Band 20 jẹ́ 800 MHz, Band 28 jẹ́ 700 MHz. Èyí tí nọ́ńbà MHz ẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ògiri dáadáa. Èyí tó pọ̀ kì í fẹ́ràn ògiri, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lè gbé ẹrù púpọ̀ sí i tẹ́ ẹ bá sún mọ́ máàsì. Ráútà mìíràn ń jẹ́ kí ẹ yan Band fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá yàn án tí nǹkan burú, ẹ dá a padà sí Auto.

Ráútà mi 5G ni, nọ́ńbà ibẹ̀ méjì méjì ni.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, 4G ló ń di okùn mú, tí 5G wá ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí 5G bá kọ àlàfo, orí 4G lásán lẹ wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá Wi-Fi inú ilé ló burú, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Pípíìngì ló máa ń yanjú ẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ fi ìbéèrè kékeré ránṣẹ́, kí ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kí ìdáhùn tó padà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ ping, àlàfo, kí ẹ wá tẹ àdírẹ́sì ráútà yín. Lórí fóònù, áàpù wà tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdáhùn yẹ kó wọlé láàárín mìlísẹ́kọ́ọ̀ǹdù díẹ̀, 2 tàbí 5. Tó bá ń fò lọ sí 200, tàbí tí òmíràn ò tilẹ̀ padà wá, inú ilé ni wàhálà wà: bóyá ibi tí ẹ wà ti jìnnà jù sí ráútà, tàbí Wi-Fi aládùúgbò ń dí yín lọ́wọ́.

Tí ti ráútà bá mọ́, ẹ ṣe 8.8.8.8, ti Google nìyẹn. Tí ibí yìí bá ń já, ẹ̀yìn ráútà ló wà, ẹ padà sí RSRP àti SINR. Tí méjèèjì bá dáa, tí 8.8.8.8 sì ń dáhùn, ṣùgbọ́n tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kankan ò ṣí, DNS, ohun tó ń yí orúkọ ojúlé padà sí àdírẹ́sì onínọ́ńbà, ni ẹ máa fura sí. Ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 sí i nínú ètò ráútà.

Ní ti Wi-Fi fúnra ẹ̀, 2.4 GHz ń rìn jìnnà, 5 GHz ń sáré ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti dá a dúró. Lórí 2.4, ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gorí ara wọn. Ilé onífúláàtì tó pọ̀ ní Ògo-Olúwa, gbogbo ráútà lè wà lórí 6 kan ṣoṣo. Ẹ lọ sórí 1 tàbí 11.

Wọ́n ní 20 Mbps, mo ń rí 2.5 péré nígbà tí mo bá ń gba fáìlì. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Kékeré b àti ńlá B ni: b inú Mbps jẹ́ bíìtì, B inú MB tí fáìlì ń kọ jẹ́ báìtì. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, ẹ fi 8 pín 20.

Kí ni Uptime ń sọ fún mi?

Uptime ni iye àkókò tí ráútà ti ń ṣiṣẹ́ láì kú, ohun tó ń sọ sì pọ̀. Òṣogbo wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná tó ń gba orí wáyà ńlá káàkiri Nàìjíríà wà, bẹ́ẹ̀ a ò rí iná lò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná bá lọ, ráútà kú, Uptime á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìyẹn ò ṣàjèjì.

Ọ̀pọ̀ ráútà máa ń kọ méjì: bó ṣe pẹ́ tó tí ráútà ti wà lójú iná, àti bó ṣe pẹ́ tó tó ti so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi wọ́n wéra. Tí ráútà bá ti tàn fún ọjọ́ mẹ́fà, tí ìsopọ̀ sì jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, ara iná dá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Tí méjèèjì bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, ráútà ló kú tó jí.

Arákùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó ní ó ń kú tó ń jí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ìnfátà ló ń lò, iná kì í lọ. Mo wo ṣájà ẹ̀. Ara ráútà kọ 12V, 1A. Ṣájà tó rà lọ́jà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jóná kọ 12V, 0.5A. Lọ́sàn-án tí òun nìkan wà nílé, ó ń gbé e. Tí ìyàwó àti àwọn ọmọ bá dé, tí fóònù márùn-ún so mọ́ ọn, ó dákú. Nọ́ńbà V (fóltì) gbọ́dọ̀ bára mu. Nọ́ńbà A (áńpù) ti ṣájà lè pọ̀ ju ti ráútà lọ, kò gbọdọ̀ dín.

Ó ti múra láti ra ráútà mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

WAN IP mi jẹ́ 0.0.0.0.

WAN IP ni àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fún ráútà yín; tó bá jẹ́ òdo báyìí, ẹ ò tíì wọlé rárá. Ẹ wò ó bóyá dátà ti tán, bóyá síìmù jókòó dáadáa, bóyá APN (orúkọ ọ̀nà tí síìmù ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì) tọ̀nà.

WAN IP tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 100. Mo fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé láti Èkó, kò ṣiṣẹ́.

Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ti abẹ́lé ni. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, bí ilé ayágbé tí gbogbo wọn ń lo géètì kan. Ẹ lè jáde, ṣùgbọ́n àlejò tó bá dé ẹnu géètì ò mọ yàrá yín. Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣí ojú ọ̀nà (port) nínú ráútà tí yóò mú kó ṣiṣẹ́. Ẹ lo kámẹ́rà tó ń gba áàpù àti sáfà (kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tirẹ̀, nítorí kámẹ́rà náà ló máa ń jáde lọ pàdé sáfà. Àbí kí ẹ san owó àdírẹ́sì gbangba, bí wọ́n bá ń tà á.

Dátà mi ń tán kíákíá. Ṣé ráútà lè sọ ẹni tó ń jẹ ẹ́?

Ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn tó so mọ́ ọn sí. Tí orúkọ tí ẹ ò mọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi padà lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ wo Rx àti Tx. Rx ni ohun tó ń wọlé, Tx ni ohun tó ń jáde. Lọ́pọ̀ ilé, Rx ló máa ń fi púpọ̀ ju Tx lọ. Tí Tx bá ga ju bó ṣe yẹ, ẹ wá fóònù tó ń gbé fọ́tò àti fídíò lọ síbi ìpamọ́ láìsọ fún yín. Fídíò ìgbéyàwó kan ti tó.

Fáíbà ni mo ń lò ní tèmi.

Fáíbà jẹ́ wáyà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí RSRP fún yín. Ẹ wá Rx Power tàbí Optical Power. Láàárín -8 sí -27 ló yẹ kó wà; tó bá ti ń kan -28, ìmọ́lẹ̀ ò dé dáadáa. Ẹ wò ó bóyá wáyà ká, bóyá tábìlì tẹ̀ ẹ́. Tí iná kékeré tí wọ́n kọ LOS sí bá pọ́n, ó já tàbí ó yọ. Ẹ má yọjú wo inú ẹnu wáyà náà o, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ kò ṣeé rí, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Mo pe àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn (customer care), wọ́n ní kí n pa á kí n tàn án.

Kò burú, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ìpè kejì, ẹ má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ẹ sọ pé: "Láti ọjọ́ Ajé, láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́, RSRP mi jẹ́ -86, SINR 15, Cell ID nìyí, Band 3, eré ò kọjá 1 Mbps." Mo ti rí i tí ohùn ẹni tó gbé fóònù yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì mú nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn dání torí wọ́n á bèèrè ẹ̀.

Ṣé mo lè fi ti tèmi ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan: ìdájí, ọ̀sán, àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ráútà má kúrò níbi tó wà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pa IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ráútà), nọ́ńbà síìmù àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ́ lójú ẹ̀. Tí iná bá wá lọ láàárín, ẹ kọ aago tó lọ sílẹ̀ fún mi.